Ṣáínà Tí Dìkódà Kò Gbé Dé Jos

Ẹni tó bá ń wo Ṣáínà láti inú dìkódà StarTimes ní Jos yóò rí idà àti ẹ̀ṣẹ́. Yóò rí ọba ayé àtijọ́ pẹ̀lú àwọn olorì tó ń dìtẹ̀ síra wọn. Bó bá tún ìkànnì yí, ó lè bá ìyàwó ilé kan tí òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ kò rẹ́. Ohun tó máa ṣòro fún un láti rí ni irú ètò tí àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ń jókòó tì lálẹ́ òpin ọ̀sẹ̀: ètò àríyá tí orin, ìdíje, ẹ̀fẹ̀ àti ọ̀rọ̀ sísọ ti ń pàdé, àti ètò ríálítì tí wọ́n ti ń dojú kámẹ́rà kọ èèyàn gidi. Àdánù ńlá ni èyí jẹ́. Nínú àwọn ètò wọ̀nyí ni Ṣáínà òde òní ti ń tú ara rẹ̀ fó, nípa owó, ìgbéyàwó, òkìkí àti àwọ̀ ara, ìlú Jos sì wà lára ibi tó kún ojú ìwọ̀n jù lọ ní Nàìjíríà láti kà wọ́n bí ẹni ka ìwé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Jos? Ìlú náà àti tẹlifíṣọ̀n ti mọ ara wọn tipẹ́. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Benue-Plateau, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1974, ló kọ́kọ́ fi àwòrán aláwọ̀ hàn ní Nàìjíríà. Jos ni olú iléeṣẹ́ Àjọ Fíìmù Nàìjíríà tí ìjọba fi òfin dá sílẹ̀ ní 1979. Ibẹ̀ ni NTA fi kọ́lẹ́jì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sí, ibẹ̀ náà sì ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Fíìmù ti Orílẹ̀-Èdè wà láti 1995. Nígbà tí Nàìjíríà fẹ́ kúrò lórí ètò tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ bọ́ sórí ti dígítà, Jos ni wọ́n fi ṣe ìdánwò. Igbákejì Ààrẹ ìgbà náà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ló ṣí i níbẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 2016.

Àwọn ará Ṣáínà ti wọlé ṣáájú ìgbà yẹn. StarTimes, tí Pang Xinxing dá sílẹ̀ ní Beijing ní 1988, ti bá NTA dòwò pọ̀ láti 2010, owó oṣù tí kò wọ́n ló sì fi gba ọjà. Nígbà ìpàdé Ṣáínà àti Áfíríkà tó wáyé ní Johannesburg ní oṣù kejìlá 2015, Ààrẹ Xi Jinping ṣèlérí pé àwọn yóò mú tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì dé 10,000 abúlé nílẹ̀ Áfíríkà. StarTimes ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, 1,000 abúlé ló sì kan Nàìjíríà. Ọ̀nà ti là. Ohun tó ń gba ọ̀nà náà kọjá ló yẹ ní bíbéèrè.

Èdè ni ìdí àkọ́kọ́ tí ètò àríyá kò fi gba ibẹ̀ wá. Haúsá ni Jos fi ń nájà, ẹni tó bá fẹ́ kí ètò rẹ̀ wọlé síbẹ̀ kò lè gbójú kúrò lára Haúsá. Rédíò Àgbáyé ti Ṣáínà mọ èyí dáadáa: ó ti ń fi Haúsá sọ̀rọ̀ láti 1963, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó fi ohùn Haúsá bo eré onípele Ṣáínà. Lọ́dọ̀ tiwa, iléeṣẹ́ Algaita ní Kano ti sọ fíìmù Íńdíà di ti Haúsá débi pé ọmọdé lè rò pé Haúsá ni àwọn òṣèré náà ń sọ. Ṣùgbọ́n eré onípele ní ìwé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, ẹnì kan á sọ tirẹ̀ tán kí èkejì tó gbẹnu sí i. Nínú ètò àríyá, èèyàn mẹ́fà lè máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n máa fi orúkọ ara wọn dápàárá, kí ẹ̀rín sì bo ìdajì ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ìṣòro kejì wà lójú àwòrán fúnra rẹ̀. Bí gbajúmọ̀ kan bá fẹsẹ̀ kọ nínú eré ìdíje, lẹ́tà ràgàjì aláwọ̀ ìyeyè á fò yọ lókè orí rẹ̀. Bó bá dápàárá tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín, ẹyẹ ìwò kékeré kan á fò kọjá lójú àwòrán, àmì tótòtó mẹ́ta á sì tẹ̀ lé e. Bí ọ̀dọ́bìnrin kan bá ń sọ pé inú òun dùn, àkọlé kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè máa sọ pé ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni inú rẹ̀ dùn. Àṣà yìí ti Japan wá, ó gba Kòríà kọjá, Ṣáínà sì ti sọ ọ́ di ti ara rẹ̀. Olùsọtàn kejì ni àkọlé wọ̀nyẹn jẹ́, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fi ohùn bò wọ́n. Ẹni tó bá fi Haúsá bo ohùn nìkan ti sọ ìdajì ètò náà nù.

Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe. Ní oṣù kìíní 2010, tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Jiangsu bẹ̀rẹ̀ ètò àfẹ́sọ́nà kan tí wọ́n pè ní Fei Cheng Wu Rao. Nígbà náà, obìnrin 24 ló máa ń tò síbẹ̀, kálukú nídìí iná tirẹ̀. Ọkùnrin kan á bọ́ sílẹ̀ láti inú ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè-rodò, á kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì láti yan ẹni tó wù ú ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n á sì gbé fídíò rẹ̀ sáfẹ́fẹ́: iṣẹ́ tó ń ṣe, irú ilé tó ń gbé, ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ nípa rẹ̀. Obìnrin tí kò bá fẹ́ ẹ á pa iná rẹ̀. Bí gbogbo iná bá kú pátá, ọkùnrin náà á dágbére, á sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Meng Fei, atọ́kùn ètò náà, kì í jẹ́ kí iná kú lásán. Á béèrè ìdí, ìdí tí àwọn obìnrin náà ń sọ ló sì níyelórí jù nínú gbogbo rẹ̀. Bí ọkùnrin náà kò bá tíì ra ilé, wọ́n á sọ ọ́. Bí ìyá rẹ̀ á bá máa bá wọn gbé, tàbí bí iṣẹ́ rẹ̀ bá wà ní ìlú tó jìnnà, wọ́n á sọ ìyẹn náà. Ní 2013, tẹlifíṣọ̀n SBS ní Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀ àwòrán, àwọn tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Ṣáínà kan sì di olólùfẹ́ rẹ̀. Ará Jos tó ń wá owó ilé àti owó ìdáná lẹ́ẹ̀kan náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé iná tó kú yẹn fún un.

Ní ọdún tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan bi obìnrin kan tó ń jẹ́ Ma Nuo bóyá ó lè bá òun gun kẹ̀kẹ́ lọ ṣeré. Ọ̀rọ̀ tó di ìlúmọ̀ọ́ká láti ẹnu rẹ̀ ni pé ó sàn kí òun máa sunkún nínú BMW. Orílẹ̀-èdè náà gbiná. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà 2010, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti fi òfin de irú ọ̀rọ̀ owó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi Huang Han, olùkọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá láti ilé-ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì ní Jiangsu, kún àwọn tó ń dá sí ọ̀rọ̀ lórí ètò náà.

Níbí ni àwọn kan á ti jiyàn pé ètò tí ìjọba ń fi ọwọ́ lé lérí bẹ́ẹ̀ kò lè sọ òótọ́ kankan nípa Ṣáínà. Ìdàkejì rẹ̀ ló tọ̀nà. Òfin tí ìjọba ń ṣe ló ń fi ibi tó ń dun Ṣáínà hàn. Ní ìparí 2011 wọ́n pàṣẹ pé láti oṣù kìíní 2012, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìkànnì sátẹ́láìtì 34 kò gbọ́dọ̀ gbé ju ètò àríyá méjì lọ lọ́sẹ̀ láàárín aago méje ààbọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́. Kò sẹ́ni tó ń fi òfin de ohun tí àwọn èèyàn kò fẹ́ràn. Ní 2017, iQIYI, iléeṣẹ́ fídíò orí ayélujára, gbé ìdíje àwọn olórin ráàpù kan jáde, ó sì sọ àwọn ọmọ àdúgbò di olókìkí lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣù kìíní 2018 kò tíì parí tí wọ́n fi ní kí àwọn oníráàpù àti àwọn tó fín ara kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n. Jos, ìlú tí àwọn oníráàpù M.I Abaga, Jesse Jagz àti Ice Prince ti dàgbà, yẹ kó gbọ́ ìtàn yẹn yékéyéké.

Ọ̀rọ̀ wàrà ló tún fi gbogbo rẹ̀ hàn gbangba jù. Ní 2005, tẹlifíṣọ̀n Hunan ṣe ìdíje orin àwọn obìnrin kan tí iléeṣẹ́ wàrà Mengniu gbọ̀wọ́ fún. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ni àwọn èèyàn fi dìbò, Li Yuchun, tó gba ipò kìíní, sì kó ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀. Àwọn kan pe ìyẹn ní ìdìbò tó tóbi jù tí ará Ṣáínà lásán tíì ṣe. Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ìgbà náà, Mengniu kan náà tún gbọ̀wọ́ fún ètò ìdíje Youth With You lórí iQIYI, ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà. Abẹ́ ìdérí ìgò wàrà ni wọ́n fi àmì ìdìbò sí. Bí èèyàn bá ṣe ra wàrà tó ni ìbò rẹ̀ máa pọ̀ tó. Àwọn olólùfẹ́ dáwó jọ, wọ́n ra páálí lórí páálí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún 2021, fídíò kan gba orí ayélujára: àwọn èèyàn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò omi, wọ́n ń ṣí ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tọ́jú ìdérí, wọ́n sì ń da wàrà sínú kòtò. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí Ṣáínà ṣe òfin tó de fífi oúnjẹ ṣòfò. Ìjọba Beijing dá ètò náà dúró, àṣekágbá tó yẹ kó wáyé ní ọjọ́ 8 oṣù náà kò wáyé mọ́. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, wọ́n fòfin de irú ìdíje bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ìbò ti di ohun tí olówó ń rà, ọ̀dọ́ tí kò lówó sì ń jẹ gbèsè kí ẹni tó fẹ́ràn má bàa já. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn èèyàn ṣe ń ra káàdì láti dìbò fún ẹni tí wọ́n fẹ́ràn lórí Big Brother mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara kò ṣeé fò dá. Ní 2009, Lou Jing, ọmọ Shanghai tí bàbá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, wọ ìdíje kan lórí tẹlifíṣọ̀n Shanghai, èébú tí wọ́n sì bù ú lórí ayélujára burú jáì. Lálẹ́ àìsùn ọdún tuntun Ṣáínà ní oṣù kejì 2018, CCTV, tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀ Ṣáínà, gbé eré kan jáde nípa ọkọ̀ ojú irin Kenya, nínú èyí tí òṣèré obìnrin Ṣáínà kan kun ojú rẹ̀ dúdú, tó sì di ìdí rẹ̀ kó lè tóbi. Síbẹ̀, láti orí ètò ìdíje CCTV kan náà ni Uwechue Emmanuel, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n mọ̀ sí Hao Ge, ti di olórin tí gbogbo Ṣáínà mọ̀. Dìkódà kì í sábà gbé irú wọn wá. Ojú rere nìkan ló ń gbé wá, ẹni tí wọ́n sì ń fi ojú rere nìkan hàn kò tíì mọ ẹni tó ń bá dòwò. Àwọn oníṣòwò Nàìjíríà tó ń lọ kó ọjà ní Guangzhou ló ń fi ara gbá àìmọ̀ yìí níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọwọ́ àwọn ará ìta ni Ṣáínà ti ra èyí tó pọ̀ nínú àwọn ètò tó fi dé òkè. Ìdíje orin tí tẹlifíṣọ̀n Zhejiang bẹ̀rẹ̀ ní 2012, Netherlands ni wọ́n ti rà á. Ètò àwọn bàbá àtọmọ tí Hunan gbé jáde ní 2013, Kòríà ni. Àwọn ará Kòríà wá sí Ṣáínà, wọ́n bá wọn ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ Ṣáínà sì ń wo ọwọ́ wọn. Nígbà tó di 2020, Mango TV, iléeṣẹ́ fídíò ayélujára ti Hunan, dá ètò tirẹ̀ sílẹ̀, níbi tí 30 obìnrin tó ti kọjá ọgbọ̀n ọdún ti ń díje lórin àti ijó. Vietnam ti ra ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2023. Ní Nàìjíríà, Big Brother, Nigerian Idol àti The Voice ṣì jẹ́ ti àlejò. Gulder Ultimate Search, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, wà lára ìwọ̀nba tó jẹ́ tiwa, orí òkè Shere lẹ́bàá Jos ni wọ́n sì ti ṣe ìpele kejì rẹ̀ ní 2005. Ìlú náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ ríálítì.

Ohun tó kù kò gba owó púpọ̀. iQIYI, Tencent àti Mango TV ti gbé ọ̀pọ̀ ètò wọn sórí YouTube pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Fíìmù àti ti kọ́lẹ́jì NTA bá mú ìpele kan péré, tí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, wọ́n lè kọ ìtumọ̀ Haúsá, Yorùbá àti Bẹ̀róm sí i, títí kan àwọn lẹ́tà ràgàjì orí àwòrán. Wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé fídíò wákàtí mẹ́wàá di ti wákàtí kan ààbọ̀, ibi tí atọ́kùn ti ń dá ọ̀rọ̀ dúró, àti bí àkọlé kékeré kan ṣe ń yí ìtumọ̀ ojú èèyàn padà. StarTimes ti ní ìkànnì Haúsá àti ti Yorùbá lórí dìkódà rẹ̀, NTA sì ni alábàáṣe rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ ní kété tó bá parí.