Àjẹsára Àrùn Kòrónà ní Tamale àti Àríwá Ghánà

Àjẹsára àrùn Kòrónà ní Tamale jẹ́ ìtàn bí abẹ́rẹ́ tí a fi ń dènà àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19 ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ará àríwá Ghánà láti ọdún 2021, àti bí àwọn ènìyàn ṣe gbà á. Ghánà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní gbogbo àgbáyé tí ó gba abẹ́rẹ́ láti inú ètò COVAX, ètò tí a dá sílẹ̀ kí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ má baà gbẹ́yìn. Síbẹ̀, Tamale àti àwọn ìlú àríwá yòókù kò sí lára àwọn ibi tí ìpín àkọ́kọ́ dé. Nígbà tí abẹ́rẹ́ di púpọ̀, ìtara àwọn ènìyàn ti rọlẹ̀. Wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi ìyẹn ru ìfura àwọn ará ìlú nìkan. Ìtàn náà fi hàn pé àìdé abẹ́rẹ́ lásìkò àti ìfura jọ ń rìn ni, èkíní sì ń bọ́ èkejì.

Ìlú náà àti àwọn ará ibẹ̀

Tamale ni olú-ìlú ẹkùn Àríwá ní Ghánà. Ní ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di ibùjókòó ìṣàkóso gbogbo ilẹ̀ àríwá. Àwọn Dagomba ni wọ́n ni ilẹ̀ náà, Mùsùlùmí sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn olùgbé ibẹ̀. Sakasaka jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò ìlú náà. Ilé ìwòsàn ńlá Tamale Teaching Hospital ni wọ́n máa ń gbé àwọn aláìsàn tí ọ̀rọ̀ wọn le lọ láti gbogbo àríwá.

Orúkọ Tamale kò ṣàjèjì sí àwọn Yorùbá. Àwọn oníṣòwò láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ṣakí àti Ìlọrin ti tẹ̀dó síbẹ̀ láti ìgbà ìjọba amúnisìn, wọ́n sì di ìlú-mọ̀ọ́ká nínú ọjà rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì padà sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà òwò láàárín ilẹ̀ Yorùbá àti Ghánà kò parun. Ìdí nìyí tí ohun tí ó bá kan ẹnubodè Ghánà fi máa ń kan àwọn oníṣòwò Yorùbá náà.

Àwọn àjàkálẹ̀ àrùn ìṣáájú

Kòrónà kọ́ ni àjàkálẹ̀ àrùn àkọ́kọ́ tí ó kọlu àríwá Ghánà, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kọ́ sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà. Ní ọdún 1918, àrùn gágá tí ó jà káyé gba etíkun wọ ilẹ̀ náà, ó sì tún gba ilẹ̀ tí a ń pè ní Burkina Faso lónìí wọ àríwá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó pa, kò sì sí abẹ́rẹ́ kankan fún un nígbà náà. Ti ìgbóná yàtọ̀. Láti ọdún 1967, ètò ńlá kan mú abẹ́rẹ́ ìgbóná káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọdún 1970 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tí ó ní ín ní agbègbè náà, ní Nàìjíríà. Àpá abẹ́rẹ́ yẹn, tí àwọn àgbà Yorùbá ń pè ní bupá, ṣì wà lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní orílẹ̀-èdè méjèèjì.

Èyí tí ó fi ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù lọ sílẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àrùn yírùnyírùn. Àríwá Ghánà wà nínú àwọn ilẹ̀ tí àrùn yìí máa ń jà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Àjàkálẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1996 sí 1997 mú ènìyàn tí ó lé ní 250,000 ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sì pa nǹkan bí 25,000. Lẹ́yìn náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ PATH bẹ̀rẹ̀ sí í wá abẹ́rẹ́ tí ó bá oríṣi àrùn tí ó ń jà ní ilẹ̀ wọ̀nyí mu, tí owó rẹ̀ kò sì ní tó ìdajì dọ́là kan. Ilé iṣẹ́ Serum Institute ní ìlú Pune ní Íńdíà ni ó ṣe é, wọ́n sì pè é ní MenAfriVac. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní Burkina Faso, Mali àti Niger ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2010. Ní ọdún 2012, ó dé àwọn ẹkùn mẹ́ta tí ó wà ní àríwá Ghánà nígbà náà, fún ẹni ọdún 1 sí 29. Abẹ́rẹ́ náà tó, ó dé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ènìyàn sì mọ àrùn tí ó ń dènà. Oríṣi yírùnyírùn tí ó ń dènà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá.

Ìtàn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ fi òdì kejì hàn. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ní àríwá Nàìjíríà, Kano ní pàtàkì, dá abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 2003 nítorí àhesọ pé ó ń sọ obìnrin di àgàn, àrùn náà tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, Ghánà sì wà lára wọn. Ní ọdún 2019, wọ́n tún rí kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kan nínú omi ìdọ̀tí ní Tamale, èyí tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó bá èyí tí wọ́n rí ní Jigawa tan.

Ìdé abẹ́rẹ́ Kòrónà

Ọjọ́ 12 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020 ni Ghánà kéde àwọn méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n ní àrùn Kòrónà. Láàárín oṣù náà ó ti dé Tamale, lára àwọn arìnrìn-àjò láti Guinea tí wọ́n gba Burkina Faso àti Tógò kọjá. Ìjọba ti ẹnubodè ilẹ̀ pa láti ọjọ́ 22 oṣù Ẹrẹ́nà yẹn, kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 28 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2022. Odindi ọdún méjì ni ọ̀nà mọ́tò láti Èkó dé Accra kò fi ṣí fún àwọn oníṣòwò bí ó ti yẹ.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Èrèlè ọdún 2021, bààlúù kan balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Kotoka ní Accra pẹ̀lú abẹ́rẹ́ AstraZeneca 600,000. Serum Institute ti Pune, ilé iṣẹ́ kan náà tí ó ṣe MenAfriVac, ni ó ṣe é. Ìyẹn ni ẹrù COVAX àkọ́kọ́ ní àgbáyé. Àjọ Gavi, CEPI, UNICEF àti Àjọ Ìlera Àgbáyé ni wọ́n jọ ń darí ètò náà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni ti Côte d'Ivoire dé. Ti Nàìjíríà, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin, dé ní ọjọ́ 2 oṣù Ẹrẹ́nà. Ààrẹ Nana Akufo-Addo àti ìyàwó rẹ̀ gba abẹ́rẹ́ lójú gbogbo ayé lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní ọjọ́ 1 oṣù Ẹrẹ́nà, kí ọkàn àwọn ará ìlú lè balẹ̀.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ 600,000 kò lè kárí orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 30. Ìjọba yan àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ 43 tí àrùn ti ń jà jù lọ ní ẹkùn Greater Accra, Ashanti àti Central, ó sì fi wọ́n ṣáájú. Tamale kò sí lára wọn. Ìpinnu náà ní ìdí tí ó mọ́gbọ́n dání, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tí ó ń ṣàìsàn pọ̀ sí. Àmọ́ ohun tí ará àríwá rí ni pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń yangàn lórí rédíò kò tíì kan òun.

Ọ̀wọ́n abẹ́rẹ́

Kò pẹ́ tí orísun abẹ́rẹ́ náà fi gbẹ. Ní òpin oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2021, àrùn náà ru sókè ní Íńdíà, ìjọba ibẹ̀ sì dáwọ́ kíkó abẹ́rẹ́ jáde dúró kí ó lè tó àwọn ènìyàn tiwọn. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí ni COVAX gbára lé jù. Nígbà tí ó dákẹ́, gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó ń retí rẹ̀ dákẹ́ pẹ̀lú. Ní Ghánà, àwọn tí ó ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ń retí èkejì. Wọ́n ti kọ́kọ́ sọ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8 ni wọn yóò gbà á, wọ́n wá sún un sí ọ̀sẹ̀ 12. Ní oṣù Èbìbí, abẹ́rẹ́ 350,000 dé láti Kóńgò ti Kinshasa, tí kò lè lo gbogbo tirẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó kọjá. Àwọn tí ó ń dúró de abẹ́rẹ́ kejì ni wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn, àwọn tí kò tíì gba ọ̀kan rárá sì tún dúró.

Ní àkókò kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè olówó ti ra abẹ́rẹ́ tí ó ju iye ènìyàn wọn lọ sílẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2021, olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé, Tedros Adhanom Ghebreyesus, sọ pé wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ tí ó lé ní mílíọ̀nù 39 ní àwọn ilẹ̀ olówó, nígbà tí ó jẹ́ pé 25 péré ni wọ́n gún ní orílẹ̀-èdè tálákà kan. Íńdíà àti South Africa ti bẹ̀bẹ̀ láti oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020 pé kí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé sún òfin ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn lè ṣe abẹ́rẹ́ náà. Oṣù Òkúdù ọdún 2022 ni àjọ náà, lábẹ́ Ngozi Okonjo-Iweala, tó fẹnu kò lórí èyí tí ó dín ju ohun tí wọ́n béèrè lọ. Nígbà yẹn, ọ̀wọ́n ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀wọ́n sì ń bí alárinà. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2021, ìwé ìròyìn VG ti Norway tú àṣírí pé Ghánà ti gbà láti ra abẹ́rẹ́ Sputnik V ti Rọ́ṣíà mílíọ̀nù 3.4 lọ́wọ́ alárinà kan ní Dubai ní dọ́là 19 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí dọ́là 10 ni iye rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wádìí ọ̀rọ̀ náà. Abẹ́rẹ́ 20,000 péré ni ó dé kí wọ́n tó fòpin sí àdéhùn ọ̀hún.

Ìfura àti ìfọkàntán

Ìfura wà lóòótọ́. Àhesọ àtijọ́ nípa àìrọ́mọbí tún jẹyọ. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2021, Denmark àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Yúróòpù dá AstraZeneca dúró fúngbà díẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì tí kò wọ́pọ̀, ìròyìn náà sì dé Ghánà kí abẹ́rẹ́ tó dé púpọ̀ nínú àwọn ìlú rẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ, nígbà tí ìwé ẹ̀rí àjẹsára ti Àjọṣepọ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ AstraZeneca tí wọ́n ṣe ní Pune kò sí nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí, bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé abẹ́rẹ́ kan náà ni kò lè ṣàì béèrè pé èé ṣe tí wọn kò fi gba tòun.

Ó ṣòro láti ya ìfura báyìí sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀wọ́n. Ní ọdún 2012, àlàyé àti abẹ́rẹ́ jọ dé pọ̀ ni. Ní ọdún 2021, àlàyé ṣáájú, abẹ́rẹ́ sì pẹ́. Láàárín àwọn méjèèjì ni àhesọ ti rí àyè.

Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́

Láti oṣù Ògún ọdún 2021 ni ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́pọ̀lọpọ̀: Johnson & Johnson nípasẹ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, AstraZeneca láti Bírítéènì, Moderna tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ láti Amẹ́ríkà. Ètò náà wá kúrò ní àgbègbè díẹ̀, ó sì kárí orílẹ̀-èdè. Ilé iṣẹ́ Zipline, tí ó ní ibùdó ní Vobsi nítòsí Walewale ní àríwá, ń fi àwọn bààlúù kékeré tí kò ní awakọ̀ gbé oògùn àti abẹ́rẹ́ lọ sí àwọn ilé ìwòsàn abúlé.

Ìjọba sọ oṣù Ọ̀pẹ di oṣù àjẹsára. Láti ọjọ́ 12 oṣù náà, wọn kò gbà kí àjèjì tí kò gba abẹ́rẹ́ wọlé ní pápákọ̀ Kotoka. Ohun tí wọ́n ń tò fún tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí a ń fi òfin mú ènìyàn gbà. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀bùn wọ̀nyí sì dé ilẹ̀ Áfíríkà nígbà tí ọjọ́ ìlò wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ní ọjọ́ 22 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2021, Nàìjíríà ba abẹ́rẹ́ 1,066,214 tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá jẹ́ ní Abuja, lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n lè gbà pé kò sí ẹni tí wọn yóò gún èyí tí ó ti bàjẹ́.

Ohun tí ó ṣẹ́kù

Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde òpin ipò pàjáwìrì Kòrónà ní ọjọ́ 5 oṣù Èbìbí ọdún 2023. COVAX parí ní òpin ọdún náà, lẹ́yìn tí ó ti fi abẹ́rẹ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù méjì ránṣẹ́ sí ilẹ̀ 146.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n kò tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní Ghánà láti dènà èéyi àti ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kán sí wọn lẹ́nu, tán ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn. Owó orílẹ̀-èdè náà ti já wálẹ̀, ìjọba sì pẹ́ kí ó tó san owó rírà wọn. Èéyi jà ní ẹkùn Àríwá kí ẹrù tuntun tó dé ní oṣù Ẹrẹ́nà. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ìyá gbé ọmọ wọn wá fún abẹ́rẹ́, wọn kò sì rí i gbà.

Nǹkan bí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lò ní Áfíríkà ni ó ń ti òkèèrè wá. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fẹ́ kí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún di ohun tí a ń ṣe nílé kí ó tó di ọdún 2040, Ghánà sì ti dá àjọ National Vaccine Institute sílẹ̀ láti darí ipa tirẹ̀. Ní oṣù Igbe ọdún 2023, Ghánà tún ṣe àkọ́kọ́ ní àgbáyé: òun ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ ibà R21. Pune ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn pẹ̀lú.