Ẹran Ọ̀sìn Inú Agboolé

Bí a bá ṣí ìwé ìtàn ilẹ̀ wa, ogun, ọba àti òwò ni a ó bá níbẹ̀. A kì í bá ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí agboolé kan, láti Kétu títí dé Èkìtì, tí ènìyàn lè yà sí láyé àtijọ́ láìbá ẹran lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nítorí àwọn ọmọ wa tí a bí sí òkè òkun, tí wọn kò mọ adìyẹ ju èyí tí a dì sínú ọ̀rá lọ, ni a ṣe kọ èyí. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má fò ó kọjá.

Ewúrẹ́ tiwa kúrú; gíga rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí 50 sẹ̀ǹtímítà lọ. Àlejò a máa fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní agbára tí ẹṣin kò ní. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní tsetse a máa gbé àìsàn kan kiri tí ó ń pa ẹṣin àti màlúù oníké. Ewúrẹ́ kúkúrú yìí lè gbé àìsàn náà sára kí ó má kú, kí ó sì tún bímọ. Ìdí nìyí tí Ọ̀yọ́ Ilé fi ní láti máa ra ẹṣin ogun láti òkè Ọya, tí ẹṣin náà kò sì lè pẹ́ nínú igbó, nígbà tí ìyá arúgbó kan ní Oǹdó lè ní ewúrẹ́ méje láìná owó púpọ̀. Oṣù márùn-ún ni ó fi ń lóyún, ìbejì ni ó sì sábà máa ń bí. A jọra díẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Iṣẹ́ ọmọdé ni ẹran lówùúrọ̀. Kí àgbà tó múra oko, ọmọ á ti ṣí àgò adìyẹ, á da eérí ọkà sílẹ̀, á wo ojú ọ̀run nítorí àṣá. Èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ di ti ewúrẹ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni a kì í dà sílẹ̀ ní tútù. A máa ń sá a sóòrùn kí oró inú rẹ̀ lè dínkù. Lẹ́yìn náà ni ẹran á jáde lọ, wọ́n á jẹ káàkiri ìlú, wọ́n á fi tipátipá wọ ọgbà onílé, wọ́n á dá ìjà sílẹ̀, wọ́n á sì padà wálé fúnra wọn nírọ̀lẹ́. Ewúrẹ́ jẹ, ó relé. Àgùntàn jẹ, ó relé. À-jẹ-ì-wálé ni ó ba ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́. Okùn ọrùn tàbí àmì etí ni a fi ń mọ tẹni. Tòlótòló àti pẹ́pẹ́yẹ ńlá tí a ń rí láàárín wọn, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìran wọn ti wá. Àjèjì ni àwọn náà.

Ta ni ó ni ẹran wọ̀nyí? Ọ̀pọ̀ rẹ̀, obìnrin ni. Ọkọ ní oko, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ìyàwó kì í ṣe ti ọkọ. Obìnrin á fi àgbébọ̀ adìyẹ kan bẹ̀rẹ̀, á ta àwọn ọmọ rẹ̀, á fi ra abo ewúrẹ́. Ẹni tí kò lówó ewúrẹ́ rárá á gba ti ẹlòmíràn sìn, wọ́n á sì máa pín ọmọ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìdajì fún olówó ẹran, ìdajì fún ẹni tí ń sìn ín. Kò sí ìwé, kò sí lọ́yà. Bí ẹran bá kú, olówó rẹ̀ fẹ́ fojú rí òkú rẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọ ìyá méjì ti máa ń bínú síra wọn.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Girama kì í ṣe ọ̀fẹ́. Oṣù Ṣẹẹrẹ ni ọdún ilé ìwé ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, Kérésì tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ẹran sì ń gbówó lórí, nítorí náà ìyá a máa tọ́jú òbúkọ rẹ̀ de ọjà Kérésì. Púpọ̀ nínú àwọn òbí wa tí wọ́n di olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn òbúkọ ni wọ́n gùn dé ibẹ̀.

Àsìkò ọyẹ́ kan náà ni àìsàn tí a ń pè ní kátà sì sábà máa ń jà. Imú ẹran á máa ṣomi, ojú á ṣepin, egbò á kún ẹnu, ìgbẹ́ gbuuru á dé, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ á ti ṣófo. Owó girama ọmọ ti lọ nìyẹn. Àwọn ará ilé a máa fura sí àjẹ́, tàbí sí orogún. Ní 1942 ni àwọn oníṣègùn ẹran ará Faransé kọ́kọ́ kọ nípa àìsàn náà, ní Côte d'Ivoire. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ń ṣiṣẹ́ láti Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1980, abẹ́rẹ́ tí a ṣe fún àrùn màlúù ni wọ́n fi ń dáàbò bo ewúrẹ́ ní abúlé. Wọ́n tún kọ́ àgbẹ̀ láti gbin agunmániyè sáàárín àgbàdo, kí ewé rẹ̀ lè di oúnjẹ ẹran. Àgbẹ̀ díẹ̀ ni ó mú un tẹ̀ síwájú. Ilẹ̀ ni olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní, obìnrin kì í sì sábà ní in. Abẹ́rẹ́ kátà gan-an tí ó wá dé lẹ́yìn náà, kòkòrò àrùn tí a yọ lára ewúrẹ́ kan ní Nàìjíríà ní 1975 ni wọ́n fi ṣe é, a sì ti lò ó káàkiri Áfíríkà àti Éṣíà. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ. Àrùn màlúù yẹn parí ní gbogbo ayé ní 2011, wọ́n sì ti fi 2030 ṣe ọdún tí wọ́n fẹ́ kí kátà náà parí.

Láti ayé òyìnbó ni wolé-wolé ti ń lé ẹran kúrò nígboro. Lónìí, ilé tí a fi bíríkì yí ká, tí a fi táìlì tẹ́ àgbàlá rẹ̀, kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ewúrẹ́ lè sùn sí. Síbẹ̀ àwa ará òkè òkun ṣì ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n nílé pé kí wọ́n bá wa ra abo kan sìn. A ó pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á ní ó ti bí ìbejì. Bí a bá fi máa délé, ọ̀kan á ti kú, tiwa ni ó sì máa ń jẹ́.