Ọjọ́ Mẹ́wàá Tí Wọ́n Fi Ṣe JavaScript

Àwọn àgbà ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Síbẹ̀, èdè kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́wàá péré ṣe ní ọdún 1995, tí kò sì tíì wó di òní. JavaScript ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń mú kí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì dáhùn nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì. Kí ló dé tí kò fi wó?

Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ilé-iṣẹ́ Netscape ní California, ní Amẹ́ríkà, ń wá èdè kékeré tí ẹni tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lè kọ sínú ojú-ewé. Brendan Eich ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó jọ Java, èdè ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems tí òkìkí rẹ̀ ń kàn nígbà náà. Mocha ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, lẹ́yìn náà LiveScript. Ní oṣù kejìlá, ó di JavaScript. Ṣùgbọ́n orúkọ àti ìrísí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó gbà lára Java. Ọ̀dọ̀ èdè méjì mìíràn ni Eich ti mú òpó ilé rẹ̀.

Òpó kìíní ni function. Function ni iṣẹ́ tí a kọ lẹ́ẹ̀kan, tí a sọ lórúkọ, tí a sì lè pè nígbàkígbà. Bí a bá kọ bí a ṣe ń ro máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kan pọ̀, a lè pè é fún gbogbo kíláàsì. Nínú Scheme, èdè tí Gerald Sussman àti Guy Steele ṣe ní MIT ní ọdún 1975, a lè fi function rán ẹlòmíràn bí ẹni fi ẹrù ránṣẹ́. Ìdí nìyí tí a fi lè gbé e fún bọ́tìnnì, kí a ní: "Bí wọ́n bá tẹ̀ ọ́, ṣe èyí."

Òpó kejì ni object. Ó ń kó ohun tó jẹ́ ti ẹnì kan jọ bíi káàdì akẹ́kọ̀ọ́: orúkọ, kíláàsì, máàkì. Function pàápàá lè wà nínú rẹ̀. Láti inú Self, èdè tí David Ungar àti Randall Smith gbé kalẹ̀, ni Eich ti rí i pé ohun tí object kan kò bá ní, ó lè lọ wá a lọ́dọ̀ object tó ṣe òbí fún un.

Ìkánjú náà fi àpá sílẹ̀ o. Títí di òní, bí a bá fi typeof béèrè irú ohun tí null jẹ́, èyí tó túmọ̀ sí "kò sí nǹkan", JavaScript á ní object ni. Wọn kò lè tún un ṣe mọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ojú-ewé ti gbára lé e. Ní ọdún 1997, àjọ Ecma tẹ òfin èdè náà jáde kí gbogbo ilé-iṣẹ́ lè máa lò ó bákan náà. Ní ọdún 2015, wọ́n fi class kún un, ṣùgbọ́n object àti òbí rẹ̀ náà ló ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi kọ́ ilé, ṣùgbọ́n òpó rẹ̀ ti gbó kí wọ́n tó gbé e wá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi tó ń kánjú láti ṣe ojú-ewé aláràbarà, ẹ kọ́kọ́ mọ function àti object dáadáa. Àwọn ló gbé ilé náà dúró.