Àwọn Onílù Inú Ẹ̀rọ ní New York

Àyàn kò bí wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fọwọ́ kan awọ, síbẹ̀ ìlù ni wọ́n fi ń jẹun. Láti ọdún 1973, nígbà tí Kool Herc, ọmọ Jàmáíkà, gbé giramafóònù kalẹ̀ níbi ijó àbúrò rẹ̀ obìnrin ní òpópónà Sedgwick ní Bronx, ni iṣẹ́ fífi àwo ṣe ìlù yìí ti ń wá ibi tí yóò fìdí kalẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ E-mu gbé SP-1200, ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sínú láti fi ṣe ìlù, jáde ní 1987 ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó lè jókòó sí yàrá ara wọn, láìní ọ̀gá, kí wọ́n máa lùlù tà fún akọrin.

Ikùn ẹ̀rọ náà kò tóbi: ohùn tí ó lè gbà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ. Bí a kò bá sì rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: àwo tí ó yẹ kí ó yí ní ìgbà 33 ní ìṣẹ́jú kan, wọn a yí i ní ìgbà 45, kí ohùn rẹ̀ lè kúrú; nígbà tí ó bá wọlé tán, wọn a fà á padà sílẹ̀, yóò sì há kẹ̀kẹ̀ bí ohùn egúngún. Àbùkù ni, òun náà sì ni ẹwà iṣẹ́ wọn.

Ní 1991, adájọ́ kan ní New York fi òfin Mósè lórí olè jíjà bẹ̀rẹ̀ ìdájọ́ rẹ̀ lórí orin tí a fi ohùn àwo ẹlòmíràn ṣe láìgba ìyọ̀ǹda. Lójú tèmi, ó le jù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹni tí kò lówó ìyọ̀ǹda ní láti tẹ dùùrù tirẹ̀.