Peller Onídán, Ọmọ Ìsẹ́yìn Tó Kú sí Onípánù

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo kọ́ ní Ṣómólú. Lẹ́tà P onígi kan wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ, torí pé gbogbo onídán tó bá wá tẹ pósítà, ì báà jẹ́ èyí tó ń ṣeré kiri iléèwé ní Bàrígà, "Professor" ló fẹ́ ká kọ síwájú orúkọ òun. Professor Peller ló kó èyí ràn wọ́n.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí Moshood Abíọ́lá Peller sí ní 1941. Láti 1954 ló ti ń pidán kiri Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Èkó. Ó fi idán sílẹ̀, ó ṣòwò díẹ̀. Ní 1964 ó gba Íńdíà lọ, ó sì lo oṣù 18 níléèwé idán. Ní 1966 ó ṣeré ní Federal Palace Hotel l'Ékòó, òkìkí rẹ̀ sì kàn: kóòtù onírù, fìlà gogoro, Lady Peller ìyàwó rẹ̀ nínú àpótí, ayùn lórí àpótí.

Idán ayùn yẹn, P. T. Selbit ló kọ́kọ́ ṣe é fáyé rí ní London, ní oṣù kìíní 1921. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní Íńdíà ni Peller ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ojú èrò mú, irọ́ ló pa. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ti wá, eégún apidán ti pẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù kejì 1826, Clapperton ará Scotland jókòó ní Ọ̀yọ́ Ilé, ó ń wòran. Eégún kan di erè, ó ń fà nílẹ̀. Òmíràn di òyìnbó: ó funfun, ó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó ń fọwọ́ rawọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò mọ ilẹ̀ rí. Ojú òyìnbó gan-an ni wọ́n ti ṣe é, àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín! Inú agọ̀ ni ọgbọ́n náà wà: bí apidán ṣe ń jó ló ń yí aṣọ inú síta, tí ìlù ò sì dákẹ́. Peller bọ́ agọ̀, ó wọ kóòtù.

Àwọn kan ní oògùn ni. Èmi rò pé ọwọ́ yíyá ni, àti ẹnu dídùn.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 1997, àwọn agbébọn ká a mọ́lé ní Onípánù, níhìn-ín nítòsí wa, wọ́n yìnbọn pa á. Àwọn ọmọdé àdúgbò ní idán ni, pé yóò dìde.

Ẹ̀yin ará Ṣómólú àti Bàrígà, bí pósítà tàbí tíkẹ́ẹ̀tì Peller bá ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí yín, ẹ má jẹ́ kí ẹlẹ́pà fi di ẹ̀pà. Ẹ gbé e wá ká tẹ irú rẹ̀ pa mọ́. N ò ní gbowó.