Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Jẹ Iná Púpọ̀

Àwọn ọpọlọ kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan wà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín agbára wọn kù, kí wọ́n má baà gbóná jù. Lẹ́tà T ló máa ń parí orúkọ ti Intel, GE sì ni ti AMD. Wáàtì 35 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí wọn, nígbà tí ẹgbẹ́ wọn ń gba 65.

Nọ́ńbà yìí ló ń ṣi oníbàárà lọ́nà. Kì í ṣe iye iná tí kọ̀ǹpútà ń fà nígbà gbogbo. Ìwọ̀n ooru tí fáànù gbọ́dọ̀ lè lé kúrò ni, bí iṣẹ́ bá ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn láìdáwọ́ dúró. Wáàtì 35 ni wọ́n kọ sí Core i5-12400T, èyí tó jáde ní 2022, síbẹ̀ Intel fúnra rẹ̀ sọ pé ó lè gùn dé 74. Ọmọ ìyá rẹ̀, i5-12400, lè dé 117.

Bí a bá ń tẹ lẹ́tà tàbí tí a ń ka ìròyìn, méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tòògbé, iná tí wọ́n ń jẹ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìdí iṣẹ́ líle, bíi gígé fídíò, ni ìyàtọ̀ ti ń yọjú. Níbẹ̀ náà, èyí tó lágbára á tètè parí, á sì lọ sinmi, nígbà tí T ṣì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn.

Ká tiẹ̀ ní wáàtì 30 ni T fi dín, tí a sì ń ṣe iṣẹ́ líle fún wákàtí méjì lójúmọ́. Lọ́dún kan gbáko, bí yúnìtì 22 ni èrè rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù tó ń fa 1,000 wáàtì á jẹ ìyẹn tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́!

Ibi tí T ti wúlò ni inú àwọn àpótí pẹlẹbẹ bíi ThinkCentre Tiny àti OptiPlex Micro, níbi tí àyè ò ti gba fáànù ńlá. Ó tún dára fún ẹni tó ń lo inverter kékeré, torí pé iná tó lè fà lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ńlá náà lè wọ BIOS, ìyẹn ibi ìtò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà, kó fi gbèdéke sí wáàtì rẹ̀. AMD pe tirẹ̀ ní Eco Mode.

Nítorí owó iná nìkan, T kò tó ohun tí à ń fi owó kún owó rà. Bó bá bá àpótí kékeré wá ní iye tó rọjú, ẹ rà á.