Ìbọn Ogun, Ẹyẹ Oko

Ní ọdún 1932, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Campion, ní apá ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, tọ mínísítà ètò ààbò, George Pearce, lọ. Emu, ẹyẹ ńlá tó jọ ògòǹgò, ti ya wọ oko àlìkámà wọn, nǹkan bí 20,000. Bẹ́ẹ̀ owó àlìkámà ti já wálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ yìí ló ti ja ogun àgbáyé kìíní. Wọ́n mọ ohun tí ìbọn arọ̀jò-ọta ṣe lójú ogun, òun náà ni wọ́n sì bèèrè.

Méjọ̀ Meredith dé ní oṣù kọkànlá pẹ̀lú ìbọn Lewis méjì àti ọta 10,000. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ṣe rèé: ọ̀tá tó bá ṣùpọ̀ sójú kan ni irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wà fún. Emu ò ṣùpọ̀. Bí ìbọn bá ti dún, wọ́n á fọ́n ká. Lọ́jọ́ tí bí 1,000 ń bọ̀ létí omi, tí àwọn ṣọ́jà lúgọ dè wọ́n, ẹyẹ méjìlá péré ló kú kí ìbọn tó há. Wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ ẹrù. Ọkọ̀ ò lé emu bá, gbágungbàgun ilẹ̀ ò sì jẹ́ kí ayìnbọn rí ìbọn yìn. (Ó pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹni tí oko rẹ̀ ń run ò ní rẹ́rìn-ín.)

Meredith ròyìn pé ẹyẹ 986 kú, ọta 9,860 ló sì ná àwọn: mẹ́wàá fún ẹyọ kan! Lẹ́yìn náà, owó ni ìjọba ń san lórí emu kọ̀ọ̀kan tí àwọn aráàlú bá pa. Láàárín oṣù mẹ́fà péré ní 1934, 57,034 ni wọ́n gba owó lé lórí.